Ebè Kan Ṣoṣo Tó Dé Fìlà

Wọ́n gbin Gbọ́láhàn bí ẹni gbin èbù iṣu. Orí rẹ̀ títí dé àyà wà nínú ebè, ìbàdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà gbalaja síta sínú poro, bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ òsì sì ti bọ́. Èmi Ṣùkúrù ọlọ́kadà, tí mo ti gun ọ̀kadà kọjá lórí ejò tí orí rẹ̀ wà ní Ṣakí tí ìrù rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, tí n kò sì tẹ búrééki, nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ yẹn, eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn bí ìgbà tí ogún obìnrin bá ń fọ́ èso emi tí wọ́n fi ń ṣe òrí.

"Kúrò níbẹ̀ yẹn," ni Ìyá Ayọ̀dèjì wí. "Ipasẹ̀ lo ń pa rẹ́."

"Gbogbo abúlé ti tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó dé."

"Ìwọ má fi tìẹ kún un."

Ìyá Ayọ̀dèjì yìí ni Sájẹ́ǹtì Mùyìbátù, ọlọ́pàá tí wọ́n máa ń rán sí oko tí mọ́tò kò lè dé. Nítorí pé mọ́tò kò lè dé ibẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé e. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé e kiri gbogbo oko ẹ̀yìn Àgọ́-Àrẹ. Bó bá ti tú ọ̀rọ̀ kan wò tán, gbogbo ayé á ní, "Ìyá Ayọ̀dèjì, orí yín pé." Kò sẹ́ni tó ní, "Ṣùkúrù, táyà ẹ pé" rí. Bí owú bá jẹ́ bẹntiróò ni, èyí tó wà níkùn mi lọ́jọ́ náà tó gbé mi dé Mẹ́kà, kó gbé mi padà, kó sì ṣẹ́kù fún aládùúgbò. Mo ti pinnu pé ẹjọ́ tòní, èmi ni n ó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣe é.

Ìyá Ayọ̀dèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ya fọ́tò yẹn fún mi."

Mo yọ fóònù, mo dojú rẹ̀ kọ òkú.

"Kì í ṣe òkú. Ebè. Orí ebè."

Koríko gbígbẹ ni wọ́n fi bo orí ebè náà, wọ́n ká a róbótó bí òṣùká tí obìnrin fi ń ru ẹrù, wọ́n sì gbé ògúlùtu kan lé e láàárín. Bíbo orí ebè, ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe nígbà ọyẹ́ ni, kí oòrùn má baà se èbù inú ebè jinná. Mo yà á. Mo fẹ́ bi í pé kí ni fọ́tò koríko fẹ́ ṣe fún wa, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó dà bíi pé n kò mọ̀.

Lábẹ́ igi emi tó wà ní òkèèrè, tó jìnnà bí ẹni sọ òkò lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ọkùnrin abúlé Ìdí-Emi dúró síbẹ̀. Ràsáàkì, olórí àwọn ọdẹ, ló ṣíwájú wọn. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò mẹ́rin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Ayọ̀dèjì, ẹ kú ọ̀nà," ló wí. "Àwa ò ní bá ìjọba jà. Ṣùgbọ́n iwin ló pa èèyàn wa, ẹlẹ́rìí wà. Bí a bá ti kí ìrun àlàásárì tán, igi oṣè yẹn á jóná, òun àti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀."

Ẹni tí kò bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa lè máa rò pé irọ́ ni mo ń pa. Mo máa ń pa irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ iwin. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni iwin ti ń bá àgbẹ̀ Ìdí-Emi ṣe àáró: lónìí ká ṣe tèmi, lọ́la ká ṣe tìẹ. Iwin kò ní oko, kì í sì í jẹ iṣu, nítorí náà orin ni wọ́n máa ń gbà. Bí iwin bá kọ ebè fún ẹ lónìí, lọ́la wàá lọ jókòó nídìí igi rẹ̀, wàá kọrin fún un títí ọ̀fun ẹ á fi gbẹ. Olóṣè, iwin tó ń gbé inú igi oṣè ìpẹ̀kun oko Gbọ́láhàn, ga tó pòròpórò ọkà bàbà méjì tí a so pọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan sì tó ilẹ̀kùn ilé mi. Kì í lo ọkọ́. Ọwọ́ ló fi ń kọ ebè, igba ebè kí ìwọ tó fọ ẹnu. Bí wọ́n bá sun igi rẹ̀, á jóná mọ́ ọn. Wákàtí mẹ́ta ló kù.

"Ta ni ẹlẹ́rìí?"

Wọ́n tì í síwájú. Kọ́láwọlé ni, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ àti ti olóògbé pààlà. Ojú rẹ̀ wú bí ata rodo. Ó ti sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ méjì fi wá mu omi níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí lẹ rí?"

"Ní ìyálẹ̀ta ni. Mo jókòó síbí, mo ń pọ́n ọkọ́ mi. Mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kígbe. Mo wò ọ̀ọ́kán, mo rí Olóṣè tó gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ. Ó dojú rẹ̀ kodò, ó fi gún ebè, ó wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lé e. Mo sá. N kò wẹ̀yìn títí mo fi dé abúlé."

"Ẹ ò dé ìdí ebè náà?"

"Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n débẹ̀."

"Nígbà tí àwọn èèyàn wá dé ńkọ́?"

"N kò lè wò ó. Abẹ́ igi yìí ni mo jókòó sí. Ẹ bi Ràsáàkì."

"Òótọ́ ni," Ràsáàkì wí. "Èmi fúnra mi ni mo dúró ti òkú. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ebè yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe bá a."

Ìyá Ayọ̀dèjì mú Kọ́láwọlé sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú un sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, láti ìparí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yà bàrá. Iyẹ̀pẹ̀, ebè, igbe, ọkọ́, gbogbo rẹ̀ dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Ayọ̀dèjì, ẹni tó sunkún báyìí ò lè purọ́."

"Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́," ló wí. "Mo ti rí ẹkún tó pọ̀. Ti ọkùnrin yìí ti inú wá. Ṣùgbọ́n èèyàn lè sun ojúlówó ẹkún kó sì fi irọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò ní lé ara wọn kúrò."

Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Mo bínú pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.

*

Fàtímọ̀, ìyàwó olóògbé, wà láàárín àwọn obìnrin nínú agbo ilé. Òkìtì èso emi tí wọ́n ti fọ́ lọ́wùúrọ̀ wà níwájú wọn, ó ga tó mọ́sáláṣí. Kò dúró kí a bi í.

"Kí ẹ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn wọ̀nyí, ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Mo jowú iwin yẹn. Mo ti da omi ata sí gbòǹgbò rẹ̀ rí. Ọkọ tó yẹ kó wá jẹun lọ́sàn-án, ìdí igi ló wà, ó ń kọrin. Ta ni kò ní jowú?"

Mo gún Ìyá Ayọ̀dèjì ní ìgbọ̀nwọ́. Òun nìyí. Ìdí rẹ̀ wà, ìbínú wà, ata sì wà.

"Níbo lẹ wà ní ìyálẹ̀ta?"

"Orí àpótí yìí. Èmi àtàwọn mẹ́fà wọ̀nyí la jọ ń fọ́ emi láti ìdájí."

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mi orí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ mi sáyè ara mi.

"Ìyá," ni Ìyá Ayọ̀dèjì wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "kí ló dé tí ebè oko yín ò ní ìbòrí lọ́dún yìí? Mo wò ó, oòrùn ń pa wọ́n lójú."

Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Ẹ ti rí i. Ìdajì èbù wa ló ti sè sínú ebè. Mo ní, 'Bàbá, ẹ bò wọ́n lórí.' Ó ní, 'Iṣẹ́ Kọ́láwọlé nìyẹn.' Ọdún mẹ́wàá làwọn méjèèjì fi jọ ṣe àáró. Ọkọ mi á ki èbù bọlẹ̀, Kọ́láwọlé á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á bò ó. Wọn kì í wo ara wọn. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń rìn nínú oko. Ìgbà tí iwin dé tó ń kọ igba ebè lówùúrọ̀, ọkọ mi fi Kọ́láwọlé sílẹ̀. Iwin ò sì mọ ebè í bò."

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ó gbé agbọ̀n èbù, ó ń kọrin jáde. N kò bi í pé níbo ló ń lọ. Mo ní nínú ara mi pé, iwin yẹn náà ni."

*

Olóṣè wà nínú igi rẹ̀. Kò jáde, ojú rẹ̀ nìkan ló yọ láti inú ihò, ó tóbi bí abọ́ ìfọṣọ méjì. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀ bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo pa Gbọ́láhàn?" ni Ìyá Ayọ̀dèjì bi í.

"Rárá."

"O bínú sí i?"

Ewé igi rẹ̀ mì. "Mo jowú. Lánàá ló sọ fún mi pé àáró wa ti parí. Ó ní àárò ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ ń sọ òun. Ó ní òun á ṣa ogójì èbù tó dára jù nínú abà, òun á gbé e lọ fún un láàárọ̀ yìí, òun á fi bẹ̀ ẹ́. N kò sùn. Mo bọ́ gbogbo ewé ẹ̀ka ọ̀tún mi dànù."

Mo wòkè. Ẹ̀ka ọ̀tún oṣè náà ti pá bí orí Lèmọ́mù. Iwin ti jẹ́wọ́ owú fúnra rẹ̀. Ẹjọ́ ti parí, èmi ni mo sì rí i.

"Kí ló dé tí o kò sọ èyí fún àwọn tó fẹ́ sun ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Kọ́láwọlé ni wọ́n bi."

Ìyá Ayọ̀dèjì já koríko gbígbẹ kan ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà án sí i. Igi náà mì láti òkè dé ilẹ̀. Olóṣè sún sẹ́yìn nínú ihò.

"Gbé e kúrò. Òkú nìyẹn."

"Koríko ni."

"Ó ti kú. Àwa kì í fọwọ́ kan ohun tó hù tó sì ti kú. Gbé e kúrò, mo bẹ̀ ọ́."

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ní, "Wọ́n ní iwin kì í purọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ronú. "Iwin ni."

Ó wò mí lásán.

"Ṣùkúrù, ebè mélòó ló wà nínú oko yìí?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì."

"Fi irọ́ sílẹ̀."

"Á tó ẹgbẹ̀rin."

"Mélòó ló dé fìlà?"

Mo dúró. Mo yí ojú káàkiri. Ebè ihòòhò lọ́tùn-ún, ebè ihòòhò lósì, orí wọn funfun fún oòrùn títí dé ibi tí ojú mi lè dé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dé fìlà nínú gbogbo wọn. Èyí tí Gbọ́láhàn wà nínú rẹ̀ ni.

"Ẹni tó pa á fẹ́ fi koríko bo òkú mọ́lẹ̀ ni," mo yára wí.

"Tí ó wá fi ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ níta? Koríko yẹn ò bo nǹkan kan. Kò wúlò fún apànìyàn. Ẹni tó bá ṣe nǹkan tí kò wúlò fún un, ó mọ̀ pé òun ṣe é bí?" Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Iwin ò lè ṣe é, ìwọ náà rí bó ṣe sá. Ràsáàkì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kọ́láwọlé ní òun ò dé ibẹ̀."

"Nígbà náà, ẹ lọ bi Kọ́láwọlé pé ṣé òun ló bò ó."

"Bí mo bá bi í, á ní rárá. Òótọ́ ọkàn rẹ̀ ni á sì fi sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ibòmíràn ni mo máa bi."

N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà ọmọ ọwọ́.

*

Wọ́n ti gbé òkú náà kúrò nígbà tí a dé, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ìbòjì, wọ́n da aṣọ bò ó. Àwọn èèyàn Ràsáàkì ti ń ṣe àlùwàlá. Agbọ̀n èbù olóògbé ṣì wà nínú poro, wọn ò rántí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé," ni Ìyá Ayọ̀dèjì pè é, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Kò dára kí èbù òkú gbẹ. Ọmọ àgbẹ̀ lèmi náà. Ẹ jẹ́ ká kì í bọlẹ̀, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún mi, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa ní àgọ́."

Ó dìde, ó tẹ̀ lé e. Ìyá Ayọ̀dèjì ká apá aṣọ ọlọ́pàá rẹ̀ sókè, ó mú ọkọ́, ó lanu ebè àkọ́kọ́, ó yọ èbù tó ti jẹrà kúrò, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó pa á dé. Kò wẹ̀yìn. Ó kọjá sí ìkejì.

"Ẹ ní ẹ jókòó sábẹ́ igi emi."

"Mo jókòó. Mo ń pọ́n ọkọ́ mi."

Èmi ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí náà èmi ni mo rí i. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Kọ́láwọlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ kan. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ká koríko náà róbótó bí òṣùká, ó gbé e lé orí ebè, ó mú ògúlùtu kan, ó fi lé e láàárín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta: pá, pá, pá.

"Mo gbọ́ tí ó kígbe," ló ń wí.

Ìyá Ayọ̀dèjì ki ìkejì bọlẹ̀. Kọ́láwọlé bò ó. Pá, pá, pá.

"Mo rí iwin tó gbé e sókè."

Ìkẹta. Pá, pá, pá. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ti dá ọwọ́ dúró, omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ wọn.

"Ẹ ò sì dé ìdí ebè náà."

"N kò débẹ̀."

Ìgbà náà ni Ìyá Ayọ̀dèjì tó nàró. Ó yíjú padà, ó nawọ́ sí mi, mo sì fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ó fi fọ́tò náà han Kọ́láwọlé. Lẹ́yìn náà ó fi ìka rọra tọ́ka sí ilẹ̀.

Kọ́láwọlé wo fóònù. Ó wo ebè mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n dé fìlà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ló so wọ́n mọ́ ọn lára. Mo ti wo ebè ní ìlú méje, n kò rí ẹlòmíràn tó ń ká koríko bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù á dà á lé e lásán ni.

"Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ bò wọ́n," Ìyá Ayọ̀dèjì wí.

Kọ́láwọlé gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ọdún mẹ́wàá la fi jọ ṣe àáró," ló ní. "Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ orin rẹ̀ lábẹ́ oṣè yẹn. Orin àáró wa ni. Ó mú un lọ kọ fún iwin. Mo máa ń dá nìkan kọ ebè ní tèmi, mo máa ń gbọ́ ọ. Láàárọ̀ yìí, ó ń gbé agbọ̀n bọ̀, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Kọ́láwọlé, wá wo èbù tí mo ṣà.' Mo rò pé ó wá fi iwin ṣe fọ́ńté lójú mi ni. Ẹ̀rúkọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbá a. Nígbà tí mo rí i pé kò mí mọ́, mo ní, bí mo bá gbìn ín, kò sẹ́ni tó máa rò pé èèyàn ló ṣe irú ẹ̀. Wọ́n á ní iwin ni. Àwọn méjèèjì á sì lọ."

"Ta lẹ rò pé èbù inú agbọ̀n yìí wà fún?"

"Iwin rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n," Ìyá Ayọ̀dèjì wí, "iwin kì í jẹ iṣu."

Kọ́láwọlé wo agbọ̀n náà. Ó mú èbù kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Èyí tó dára jù nínú abà Gbọ́láhàn ni. Mo rí ìgbà tó yé e, mo sì fẹ́ kí n má rí i. Ó jókòó sínú poro. Ẹkún tó sun láàárọ̀, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, kò sì dún rárá.

"Kí ló dé tí ẹ fi bò ó lórí?" ni Ìyá Ayọ̀dèjì bi í.

"N kò mọ̀ pé mo bò ó." Ó nu imú. "Oòrùn ń mú."

Ràsáàkì fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Kò wo ọ̀nà igi oṣè. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, wọ́n gbọ́ orin láti ibẹ̀, orin àáró yẹn náà ni, imú ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Ìyá Ayọ̀dèjì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Kọ́láwọlé lọ́wọ́. Mẹ́ta la gun ọ̀kadà padà, èmi níwájú, òun láàárín, ọlọ́pàá lẹ́yìn. Àwọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà abúlé, wọ́n ní, "Ìyá Ayọ̀dèjì, orí yín pé." Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ táyà. Mo yẹ ikùn mi wò bóyá owú wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù.

A ti kọjá odò gbígbẹ kí Kọ́láwọlé tó sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi.

"Ṣùkúrù, ìyókù èbù yẹn, ẹ sọ fún Fàtímọ̀ pé kó wá ẹni tó máa bò ó. Kó máà dà á lé e lásán o. Kó ká a róbótó."